Jàfárù, Ọ̀gá Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Dilẹ̀

Bí ẹ bá béèrè Jàfárù oníbàtà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó pẹ́ ní Ìdímù, ẹ yáa fa àga kẹ́ ẹ jókòó, torí onítọ̀hún ò ní í dá yín lóhùn lórí ìdúró. Ìtàn pàǹtí ni yóò kọ́kọ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Jàfárù láti ibòmíràn.

Ayé àwọn ológun ni, nígbà tí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ọjọ́ saniteṣọ̀n. Láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, ọjà ò gbọdọ̀ ṣí, kí kálukú gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, kó sì kó gọ́tà rẹ̀. Ẹni tí àwọn wolé-wolé bá rí lójú títì, inú ọkọ̀ wọn ni yóò bá ara rẹ̀, ó di iwájú adájọ́. Gbogbo Ìdímù ló ń bẹ̀rù wákàtí mẹ́ta yẹn. Jàfárù nìkan ló ń fi ìka ka ọjọ́ dè é. Ọ̀nà tí ọkọ̀, ọ̀kadà àti ọmọlanke kì í jẹ́ kéèyàn rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, ọjọ́ náà ni yóò ṣófo, tí yóò nà gbọnrangandan lọ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. "Ìyá Sìdí," ló máa ń wí fún Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀, "Ọlọ́run ló fi ọ̀nà yẹn ta mí lọ́rẹ. Ìjọba kàn bá a jíṣẹ́ ni."

Eré ìje ni Jàfárù fẹ́ fi ọ̀nà náà sá, òun àti àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n jọ ń sáré nígbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ kí wọ́n rímú mí: Nùrẹ́nì fọganáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, Simeon tó jẹ́ tíṣà, Táyéwò káfíńtà, àti Olútáyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà. Nítorí pé ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sáré, Ìdímù sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Dilẹ̀. Wọ́n fi orúkọ náà bú wọn ni o. Ṣùgbọ́n Jàfárù gbé ọ̀dà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì márààrún, ó ní kò sí orúkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkó.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, wọ́n jáde láago méje géérégé, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìkòtún, oníkálukú sì gbé àpò pàǹtí kọ́ èjìká. Wọn ò tíì sá jìnnà tí ọ̀gá wolé-wolé kan fi fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹ̀yin yẹn! Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Àwọn mẹ́rin dúró. Jàfárù ò dúró. Ó ń sáré lójú kan níwájú ọkùnrin náà, orúnkún ń lọ sókè ń lọ sódò, torí ó ní bí eléré bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dì.

"Níbo lẹ ń sá lọ?"

"Ààtàn ni, sà. Pàǹtí la fẹ́ lọ dà nù."

"Ààtàn wo?"

"Èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìgàndò."

"Láti Ìdímù? Ààtàn ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́?"

"Ó ti kún, sà. Ará àdúgbò wa ò fẹ́ràn ìdọ̀tí rárá."

Ọ̀gá náà tú ẹnu àpò kan wò. Ó rí èèpo iṣu, ó rí ewé mọ́ínmọ́ín àná, ó rí orí ẹja kan tó ti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó yí ojú kúrò. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé eré lẹ ń sá?"

"Ó ń rùn, sà."

Wolé-wolé náà tún yọjú wo inú àpò náà. Ó fọwọ́ bo imú, ó sì fi ọwọ́ kejì júwe ọ̀nà fún wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, àwọn ìyálé ilé ti tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. "Ẹ bá mi mú tèmi dání jàre, ẹsẹ̀ yín ló yá." Ẹrù ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, títí Táyéwò fi gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú kan tó ti fọ́ sórí sá dé Ìgàndò. Mọ̀dínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń lọ pẹ̀lú àpò mẹ́ta, ó sì sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ agbálẹ̀ ìjọba, àgàgà èyí tí wọn kì í sanwó fún.

Ká má parọ́, kì í ṣe eléré ìje ni Mọ̀dínátù fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń rán bàtà ló fẹ́, òun náà sì ń ta karosíìnì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, lójú tẹlifíṣọ̀n onílé wọn, níbi tí àwọn kan ti ń sá eré ìje nílẹ̀ òkèèrè. Gbogbo ilé ń pariwo ẹni tó wà níwájú. Jàfárù ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ló tẹjú mọ́. "Ìṣó ló wà ní ìdí bàtà wọn!" ló lọ ń kígbe. "Ìyá Sìdí, ìṣó! Ẹ̀tàn ni gbogbo eré tí a ti ń sá láti kékeré!"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti gé táyà ògbólógbòó kan ní ṣọ́ọ̀bù Nùrẹ́nì, ó ti rán awọ mọ́ ọn lórí, ó sì ti to ìṣó káfíńtà sí i nídìí. Bàtà náà wúwo tó fi jẹ́ pé kéèyàn fi rìn gan-an, iṣẹ́ ni. Jàfárù wọ̀ ọ́, ó sáré yí ilé po, inú rẹ̀ wá dùn dé ibi pé ó gbàgbé bọ́ ọ. Ó wọlé. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó rìn padà wá mu omi, ó tún lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí Mọ̀dínátù fi èrè karosíìnì ọdún kan rà ló ń rìn lórí rẹ̀.

"Bàbá Sìdí," ni Mọ̀dínátù wí, "ẹ ti sọ ilé mi di asẹ́."

Jàfárù bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ihò náà dáadáa. "Ẹ wò ó bó ṣe dọ́gba," ló wí. "Ìgbésẹ̀ eléré gidi nìyí."

Ohun tó ń bí Mọ̀dínátù nínú jù ni ìgbéraga ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnì kan bá ṣèèṣì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á gbé àyà síta: "Eléré ìje ni mí. Bàtà ni mo kàn fi ń jẹun." Oúnjẹ náà ì bá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá jẹ́ pé kì í tètè parí bàtà oníbàárà. Bí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á gbé síńgílẹ́ẹ̀tì wọ̀. Ẹni tó ni bàtà bá dé: "Ẹ padà wá lọ́la." Ó dé lọ́la: "Lọ́la gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ wá." Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di òwe ní Ìdímù. Bí ayálégbé bá sọ fún onílé pé lọ́la lòun máa mú owó ilé wá, onílé á béèrè pé, "Lọ́la ti Ọlọ́run, àbí lọ́la Jàfárù?"

Òun kọ́ ló sì yára jù nínú ẹgbẹ́ náà o. Nùrẹ́nì ló yára jù. Ṣùgbọ́n Jàfárù ni kì í jẹ́ kí wọ́n jáwọ́. Òun ló ń lọ kanlẹ̀kùn Simeon ní àárọ̀ òtútù, òun ló ń bẹ ìyàwó Olútáyọ̀, òun ló tún ń tún bàtà gbogbo wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá dà rú ni ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀gá wolé-wolé mìíràn wá, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó dá wọn dúró, ó tú àpò wọn wò, ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀, ẹni tí mo bá rí tó ń sáré lójú títì yìí, pàǹtí ló gbé o, wúrà ló gbé o, àtìmọ́lé ló ń lọ." Wọ́n gbìyànjú láti máa sáré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ akérò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Olútáyọ̀ sínú gọ́tà. Wọ́n wá pápá ilé ìwé, géètì wà ní títì. Ìdímù ti kún, ilé ti gbapò ilé, kò sí ibi tí àgbàlagbà lè na ẹsẹ̀ sí láìṣe pé ẹnìkan ń fọn fèrè lé e lórí.

Jàfárù ò ṣàròyé, kò bú ìjọba. Ó kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán bàtà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan wá bá Mọ̀dínátù, ẹnu ya obìnrin náà: "Ìyá Sìdí, ṣé kò sí? Mo lọ gba bàtà mi, mo bá a ní píparí." Ìgbà náà ni Mọ̀dínátù mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti wọ ọkọ òun lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí i tó jókòó sórí àpótí, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ohun tí wọn ò ní í lò mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Láti ọjọ́ náà, kò fi eré rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé Ilé-iṣẹ́ Ọṣẹ Mọ́níní ní Ẹgbẹ́dá fẹ́ ṣe eré ìje láti Ìkòtún dé ẹnu géètì wọn. Ẹni tó bá gbapò kìíní máa gbowó. Èyí ò kan Jàfárù. Ohun tó mú un fò sókè ni ẹ̀bùn kejì: ẹgbẹ́ àdúgbò tí àwọn èèyàn rẹ̀ márùn-ún bá bẹ̀rẹ̀, tí márààrún sì parí kí wọ́n tó tú okùn òpin ìje, wọ́n máa fún un láyè láti máa lo pápá ilé-iṣẹ́ náà nírọ̀lẹ́, títí láé. Pápá gidi, tó ní koríko, tó ní ògiri yí ká, tí ọkọ̀ ò lè wọ̀. Bí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló ni ín.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé ló ń kọ orúkọ, alákọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà kan tó de táì nínú oòrùn. Ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì Jàfárù lókè délẹ̀.

"Níbo lẹ ti ń ṣe ìdánrawò?"

"Ọ̀nà ààtàn."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú. Eléré tòótọ́ là ń wá. Ẹni tó jẹ́ pé eré ni iṣẹ́ rẹ̀."

"Ọ̀gá," ni Jàfárù wí, "ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó tó sáré, àti ẹni tó ń sáré tí ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́, ta ló fẹ́ràn eré jù?"

Ṣóbọ̀wálé ò kọ orúkọ. Jàfárù jókòó ti tábìlì rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ Ṣóbọ̀wálé dé, Jàfárù kí i pé ó kú oúnjẹ, ó sì ń wo bí òkèlè ṣe ń lọ láti inú abọ́ dé ẹnu. Òkèlè kẹta ni Ṣóbọ̀wálé ju ọwọ́ sílẹ̀. "Ó tó! Ẹ pe orúkọ àwọn márààrún náà, kí n lè jẹun ní ìrọ̀rùn!"

Ọjọ́ ìje pé. Mọ̀dínátù gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sí etí títì ní Ìdímù, ìyẹn ní àárín ọ̀nà, ó ń dúró dè wọ́n. Àwọn eléré agbowó-oṣù ló kọ́kọ́ kọjá, wọ́n lọ fìrì bí ẹyẹ. Lẹ́yìn wọn ni Simeon, Táyéwò àti Olútáyọ̀ kọjá, wọ́n gba omi, wọ́n da á lé orí. Ó wá ku Nùrẹ́nì àti Jàfárù. Ẹsẹ̀ ti dun Nùrẹ́nì díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò yára bó ṣe máa ń yára.

Ẹ ò ní í gbàgbé pé àwọn èèyàn yìí, ọmọ àdúgbò ni wọ́n, iwájú ṣọ́ọ̀bù ara wọn ni ìje sì gbà kọjá. Bí Nùrẹ́nì ṣe yọ, baba kan là á lọ́nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ni, oníbàárà rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí jáàkì, táyà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láti alẹ́ àná.

"Nùrẹ́nì! O ní àárọ̀ kùtùkùtù! Ìyàwó ọmọ mi ti bímọ, wọ́n ti ní kí n wá gbé e lọ́sibítù, ìwọ ń sáré kiri!"

Nùrẹ́nì wo ọ̀nà. Ó wo táyà. Ó wo baba arúgbó náà. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Sìdí," ló wí bó ṣe ń fa túùbù jáde, "ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n Jàfárù. Mo ti ba nǹkan jẹ́."

Ìgbà náà ni Jàfárù yọ lókèèrè. Mọ̀dínátù ò tíì rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Orí rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, apá rẹ̀ ń fò, ojú rẹ̀ ti yọ. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èèyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ohun tó ń lé Jàfárù ni ọmọge kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí, tó fi gèlè di ìbàdí, tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, tó sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti Ìkòtún.

"Bàbá oníbàtà! Bàtà ìgbéyàwó mi dà?"

"Lọ́la!"

"Lọ́la wo? Ẹ ti ń sọ lọ́la láti oṣù méjì! Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń ṣègbéyàwó!"

Jàfárù fò kọjá ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ wo omi. Mọ̀dínátù fi gbogbo agbára kígbe tẹ̀ lé e: "Bàbá Sìdí! Nùrẹ́nì ti dúró o! Nùrẹ́nì ò bá yín lọ mọ́!"

Jàfárù dúró. Ọkùnrin tí kò dúró fún wolé-wolé, ó dúró gbagidi láàárín títì. Iwájú rẹ̀, ọ̀nà Ẹgbẹ́dá mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Nùrẹ́nì wà, àárín òun àti Nùrẹ́nì sì ni Ọmọ́wùnmí, tó ń bọ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Mọ̀dínátù rí i tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, ó sì sá lọ pàdé ohun tó ti ń sá fún láti àárọ̀.

Ọmọ́wùnmí gbá a ní síńgílẹ́ẹ̀tì mú. "Ọwọ́ bà yín!"

"Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ dì mí mú dáadáa," ni Jàfárù wí, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ dé ọ̀dọ̀ Nùrẹ́nì. Láìpé márùn-ún, kò sí pápá."

Ó ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń lọ, síńgílẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Nùrẹ́nì ti lẹ túùbù, ó ku afẹ́fẹ́. Jàfárù gba páǹpù, ó ń fà á. Ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ́wùnmí wo àwọn ọkùnrin méjì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó pòṣé, ó jọ̀wọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ náà gbá páǹpù mú, ó sì bá wọn fà á. Mọ̀dínátù ń da omi lé gbogbo wọn lórí. Nọ́ọ̀tì wọlé, jáàkì bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun," ni Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá wí. "Ẹgbẹ́dá lèmi náà ń lọ. Ẹ kó wọlé, kí n já yín sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Nùrẹ́nì wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ká sòótọ́, Mọ̀dínátù pàápàá ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n wọlé. Jàfárù nu ojú rẹ̀. "Baba, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹsẹ̀ la kọ orúkọ fún." Lórí ọ̀rọ̀ yẹn, orí Mọ̀dínátù wú. Ó ti fẹ́ ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti bá a jẹ, ó ti bá a mu, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wò ó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á lé òun lọ́wọ́.

Wọ́n sáré. Ọmọ́wùnmí náà sáré, ó ní òun ò ní í mú ojú kúrò lára wọn àfi tí òun bá rí bàtà òun. Alàgbà wakọ̀ ṣíwájú, ó tan iná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, Mọ̀dínátù sì yọ orí lójú fèrèsé, ó ń pariwo kí ọlọ́kọ̀ yà, kí ọlọ́kadà yà, eléré ń bọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dé Ẹgbẹ́dá, àwọn èrò ti ń tú ká. Simeon àti Olútáyọ̀ dúró, ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì. Òṣìṣẹ́ kan ti tú ẹ̀gbẹ́ kan okùn òpin ìje, ó fẹ́ lọ tú ìkejì, Táyéwò káfíńtà sì ti gbá òpó náà mọ́ àyà, kò jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

"Ìje ti parí!" ni Ṣóbọ̀wálé ń wí.

Mọ̀dínátù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé títí wọ́n á fi tú okùn lẹ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, a sì ti tú u."

"Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ tú. Ẹran tí wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ kan rẹ̀, tí tèkejì ṣì wà ní dídè, ṣé a máa ní wọ́n ti tú u sílẹ̀?"

Mọ̀dínátù bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹnu okùn tó wà nílẹ̀, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó sì nà án gbọọrọ. Ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbé obìnrin tó ń gbé àgbá karosíìnì lójoojúmọ́ kúrò lójú kan. Kò sẹ́ni tó dán an wò.

Wọ́n yọ. Ọmọ́wùnmí ló wà níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn torí kò sí nínú ìje, ó sì yíjú padà, ó na ọwọ́, ó ń dúró de bàtà rẹ̀. Jàfárù àti Nùrẹ́nì di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọ̀kan ń tiro, èkejì ò lè mí, wọ́n sì fi àyà já okùn náà kúrò lọ́wọ́ Mọ̀dínátù. Ariwo tó sọ níbẹ̀, àwọn agbowó-oṣù ò gba ìdajì irú rẹ̀.

Ṣóbọ̀wálé ka àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò. Ti Ìṣẹ̀rí, àwọn kan ti wọkọ̀ lọ sílé láti agbedeméjì. Ti Ìkòtún, ẹnì kan ti yà sí ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, kò sì jáde mọ́. Àwọn tó pé, Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Dilẹ̀ nìkan ni. Ó ka wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ló tú táì rẹ̀, ó bọ Jàfárù lọ́wọ́. "Bàbá," ló wí, "ẹ ti borí. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo pápá?"

"Lọ́la," ni Jàfárù wí.

"Lọ́la wo?" ni Ọmọ́wùnmí béèrè.

Ó rí bàtà rẹ̀ gbà o, kó tó di Sátidé, wọ́n sì lẹ́wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Jàfárù lọ síbi ìgbéyàwó náà, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í pé ìyàwó yẹn ì bá jẹ́ eléré ńlá, bí ọkọ ò bá tètè rí i.

Pápá náà ni Jàfárù wà títí ọdún fi yí lu ọdún, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò lọ síbẹ̀, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1990. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó mi orí, ó ní ọkàn rẹ̀ ń sáré jù. Jàfárù rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ọ̀dọ̀ ta ló gbé dàgbà?" Mọ̀dínátù náà rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ sunkún ní kọ́rídọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti padà, ilé náà pa rọ́rọ́. Mọ̀dínátù ò lè jókòó. Ó ti ṣọ́ọ̀bù karosíìnì, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ẹgbẹ́dá. Láti ọjọ́ ìje, kò dé ibẹ̀ mọ́, torí ìrọ̀lẹ́ ni karosíìnì ń tà. Ó rò pé òun máa bá Nùrẹ́nì àti àwọn mẹ́ta yòókù, bóyá kí wọ́n jọ jókòó kí wọ́n dárò rẹ̀ díẹ̀.

Èrò ló bá. Télọ̀ kan ń sáré, ìwọ̀n aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì kọ Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Dilẹ̀ gàdàgbà sí ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìsọ̀ mọ́ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Alákọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ká ṣòkòtò dé orúnkún. Bàbá arúgbó kan ń fi ọ̀pá sáré, bí èyí bá ṣeé pè ní eré. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yára. Inú gbogbo wọn sì ń dùn. Ẹ̀rín pa Mọ̀dínátù títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì fọwọ́ nù ún, ó rí i pé ẹ̀rín náà ti tán, omijé ló ṣì ń bọ̀. Ó ń ṣàárò ọkùnrin náà débi tó fi ń dùn ún nínú egungun.

"Bàbá Sìdí," ló wí lábẹ́ ohùn, "wọ́n mà pọ̀ o."

Ọkùnrin oníkùn ńlá kan sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń mí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rí. "Màmá, ẹ má bínú o," ló wí, "ojú ọ̀nà lẹ dúró sí. Ẹ bá wa sáré, àbí kẹ́ ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jàre."

Mọ̀dínátù fẹ́ sọ fún un pé ìyàwó ta ni òun. Ó fún ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.